Òfin Tí Ìjọba Fi Ń De Ara Rẹ̀: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Ń Dín Iná àti Epo Kù Nílé Iṣẹ́ Ìjọba

Kò sí ẹni tí ó ń jó iná mànàmáná, tí ó sì ń sun epo ní Amẹ́ríkà tó ìjọba àpapọ̀ wọn. Ilé tí ìjọba náà ń lò lé ní 300,000. Ọkọ̀ rẹ̀, láti ti ọ́fíìsì dé akẹ́rù, tó 600,000. Ọ́fíìsì, ilé ẹjọ́, ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ọgbà ẹ̀wọ̀n, bárékè: gbogbo wọn ni owó iná ń jáde lé lórí, àpò aráàlú ni owó náà sì ti ń wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti ń ṣòfin léraléra láti dín ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń jó kù, kí wọ́n sì yọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú epo, gáàsì àti èédú. Àwọn òfin wọ̀nyí kì í bá aládàáni wí. Ìjọba ni wọ́n ń dè.

Wàhálà epo ló bí wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ń ta epo rọ̀bì kọ̀ láti tà á fún Amẹ́ríkà mọ́, nítorí pé ó gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì nínú ogun. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, Ààrẹ Richard Nixon bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ dín ooru inú ilé kù sí ìwọ̀n 65 sí 68 ní Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 18 sí 20 ní Celsius, kí ọkọ̀ ìjọba kankan má sì sáré ju máìlì 50 lọ ní wákàtí kan, àfi tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lo oṣù kejìlá nílùú òyìnbó rí mọ̀ pé ìwọ̀n 18 kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bọ́ kóòtù sílẹ̀.

Àṣẹ ẹnu nìyẹn. Òfin gidi bẹ̀rẹ̀ ní 1975, nígbà tí Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lu èyí tí ó ní kí ìjọba ṣe ètò ọdún mẹ́wàá lórí bí àwọn ilé rẹ̀ yóò ṣe máa ṣọ́ iná jó. Èyí tí ó wá di ìpìlẹ̀ fún gbogbo àwọn tó kù ni National Energy Conservation Policy Act tí Jimmy Carter fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1978. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó rọrùn láti lóye, ṣùgbọ́n tí ó yí ìwà ìjọba padà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tàbí kọ́ ilé kò gbọdọ̀ wo iye tí wọ́n ń tà á nìkan mọ́; ó ní láti ṣírò gbogbo owó tí yóò bá a lọ títí yóò fi gbó, owó iná, owó àtúnṣe, owó ìpààrọ̀. Bọ́ílà olówó pọ́ọ́kú lè jẹ́ èyí tí yóò jẹ ìjọba ní gbèsè fún ogún ọdún.

Carter kan náà ló gbé páànẹ́lì 32 sórí òrùlé White House ní oṣù kẹfà ọdún 1979, kí oòrùn máa mú omi gbóná níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé náà ṣe ní 1986, lábẹ́ Ronald Reagan, wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀, wọn kò sì dá wọn padà. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀, nítorí náà kò sí òfin tí wọ́n rú nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Òfin 1978 tí gbogbo ayé kò ya fọ́tò rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin títí di òní.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò yí padà púpọ̀: wọ́n á mú ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, wọ́n á dárúkọ ìdá tí iná gbọ́dọ̀ fi dín kù sí tọdún náà, wọ́n á sì fún un ní gbèdéke. Òfin 1992 ní kí ó fi ìdá 20 nínú 100 dín sí ti 1985 kí ó tó di 2000. Òfin 2005 bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun láti 2003, ó ní ìdá 2 lọ́dọọdún. Ti 2007 sọ ọ́ di ìdá 3 lọ́dọọdún, kí ó lè pé ìdá 30 ní 2015. Àpapọ̀ iná kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Iye tí wọ́n jó lórí ilẹ̀ ilé tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní òòró, ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú, ni wọ́n ń wọ̀n, kí ilé iṣẹ́ tó ń gbòòrò má baà dà bí ẹni tó ń fi iná ṣòfò, kí èyí tó ń ta ilé rẹ̀ má sì gba ìyìn tí kò tọ́ sí i.

A kò lè wọn ohun tí kò ní mítà. Ọ̀pọ̀ ilé ológun àti ọgbà ìjọba ló jẹ́ pé mítà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu géètì fún odindi àdúgbò, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé tó ń fi iná ṣòfò. Ìdí rèé tí òfin 2005 fi ní kí wọ́n fi mítà iná sí àwọn ilé ìjọba kọ̀ọ̀kan, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí oṣù kẹwàá 2012 tó wọlé.

Ohun tó máa ń dá ilé iṣẹ́ ìjọba dúró jù ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀gá ọ́fíìsì ló mọ̀ pé gílóòbù tuntun àti bọ́ílà tuntun yóò dín owó iná kù, ṣùgbọ́n bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí kò gba rírà wọn. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbé e gbà ló jẹ́ ọgbọ́n tó gún jù nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sì gba ariwo rárá. Láti 1986 ni òfin ti fàyè gba àdéhùn kan: agbaṣẹ́ṣe yóò wá, yóò yẹ ilé wò láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé, yóò fi owó tirẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù, fèrèsé, bọ́ílà àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìjọba kò ní san kọ́bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní owó iná ọ́fíìsì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, tí iṣẹ́ náà sì sọ ọ́ di 700,000, inú 300,000 tó kù yẹn ni wọn yóò ti máa san owó agbaṣẹ́ṣe, fún ọdún tó lè tó 25. Agbaṣẹ́ṣe ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sọ̀yà pé iná yóò dín kù tó bẹ́ẹ̀; ọdọọdún ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, bí kò bá sì tó, òun ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní 2003, àṣẹ tí ó gbé àdéhùn yìí ró parí, ilé aṣòfin kò sì tètè tún un ṣe. Kò sí àdéhùn tuntun tó ṣeé bẹ̀rẹ̀ títí di 2004. Òfin 2007 ló wá sọ ọ́ di ohun tí kò ní gbèdéke mọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló ń fẹ́ ẹ, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kò tà létí pàápàá kì í kọ̀ kí owó iná dín.

Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 1992 ní kí ìdá 75 nínú ọkọ̀ kéékèèké tí ìjọba àpapọ̀ bá ń rà láti 1999 jẹ́ èyí tó lè lo ohun mìíràn yàtọ̀ sí bẹntiróòlù. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ṣe bí òfin ti wí, wọ́n ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè lo bẹntiróòlù, tí ó sì tún lè lo ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n fi àgbàdo pọn. Àmọ́ ilé epo tó ń ta ẹ́tánọ́ọ̀lù kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ìlú kò tilẹ̀ ní in. Òṣìṣẹ́ á kúrò ní ọ́fíìsì nínú ọkọ̀ tí wọ́n kọ "ẹ́tánọ́ọ̀lù" sí lára, á sì yà sílé epo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ rọ bẹntiróòlù kún un. Lórí ìwé, ìjọba ti ṣàṣeyọrí. Ilé aṣòfin tún ojú òfin náà ṣe ní 2005: ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ ẹ́tánọ́ọ̀lù sí i, àfi bí ilé epo tó ń tà á bá jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 tàbí máìlì 5 lọ, tàbí bí owó rẹ̀ bá ga jù. Ilé iṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìyọ̀ǹda lọ́dọọdún, nítorí pé ilé epo náà jìnnà lóòótọ́.

Agbára ìjọba gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ńlá wúlò ju bí àwọn kan ti rò lọ. Ní oṣù keje ọdún 2001, George W. Bush pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba má ra ẹ̀rọ tó ń jẹ ju wáàtì kan lọ nígbà tí wọ́n bá ti pa á, níbi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti wà lọ́jà. Ṣájà fóònù, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ tí a rò pé ó ń sùn ṣì máa ń fa iná lábẹ́lẹ̀. Bush alára fi wọ́n wé amùjẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ pàdánù oníbàárà tó tóbi tó ìjọba Amẹ́ríkà ní láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ni aráàlú náà yóò rà.

Òfin tí Bush buwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá 2007, Energy Independence and Security Act, ló le jù nínú gbogbo wọn. Abala 432 rẹ̀ ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa bójú tó iná àwọn ilé ńlá rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìdá mẹ́rin kan wọn wò lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́rin gbogbo wọn á ti gba àyẹ̀wò. Abala 526 ní kí ìjọba má ra epo àrọ́pò tí èéfín rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti wà á títí wọ́n fi jó o, bá ju ti epo rọ̀bì lásán lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ń ronú láti máa sọ èédú di epo ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ sì ni epo tí wọ́n ń fún láti inú iyanrìn Kánádà ń wọ ọjà.

Abala 433 ni eegun ẹja. Ó ní ilé tuntun tí ìjọba àpapọ̀ bá kọ́, àti ilé àtijọ́ tí ó bá tún ṣe gidi, gbọ́dọ̀ dín epo, gáàsì àti èédú tí wọ́n ń jó fún un kù sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 2003: ìdá 55 nínú 100 láti 2010, ìdá 65 láti 2015, ìdá 80 láti 2020, ìdá 90 láti 2025, ìdá 100 ní 2030. Bí a bá ka ohun tó wà nínú ìwé, kò yẹ kí ilé ìjọba tuntun kankan tún ní bọ́ílà gáàsì lẹ́yìn 2030. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìlànà tí Ilé Iṣẹ́ Agbára gbọ́dọ̀ kọ, tí yóò ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe ṣírò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbé àbá jáde ní 2010, ó tún un gbé jáde ní 2014, ó tún un gbé jáde ní 2022. Àwọn onígáàsì kò fẹ́ rí i sójú rárá. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìlànà náà tó parí, ó lé ní ọdún 16 lẹ́yìn tí òfin jáde. Kò sí ẹni tó pa òfin náà rẹ́ nínú gbogbo ọdún yẹn. Wọ́n kàn jẹ́ kí ó sùn ni.

Àwọn aṣòfin fúnra wọn ńkọ́? Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ní Washington, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Capitol Power Plant, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Ní 2007, ó ti pẹ́ tí kò ti pèsè iná mànàmáná mọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé ooru àti omi tútù lọ sí ilé aṣòfin, ọ́fíìsì àwọn aṣòfin, ilé ẹjọ́ tó ga jù àti ilé ìkàwé Kọ́ńgíréèsì. Èédú wà lára ohun tí ó ń jó nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ń dìbò fún òfin 2007, èéfín èédú ń jáde láti ihò ilé yìí, kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dìbò. Ìgbà tí àwọn kan bá sì ti ní kí wọ́n dáwọ́ èédú dúró, àwọn sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ tó ń wa èédú, Robert Byrd ti West Virginia àti Mitch McConnell ti Kentucky, máa ń dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, Nancy Pelosi àti Harry Reid, àwọn olórí ilé aṣòfin méjèèjì, kọ̀wé pé kí wọ́n kó o kúrò lórí èédú pátápátá, kí ó máa lo gáàsì. Ní 2018 ni wọ́n parí ẹ̀rọ tuntun tó ń fi gáàsì pèsè iná àti ooru pa pọ̀. Gáàsì náà ń jáde láti inú ilẹ̀, àmọ́ èéfín rẹ̀ kò tó ti èédú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí òfin lè ṣe nígbà tí owó bá tẹ̀lé e, kí ó lọ sí ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ilé ọ́fíìsì ìjọba kan wà níbẹ̀, Edith Green-Wendell Wyatt, alájà 18, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1975, kí òfin 1978 tó dé. Nínú owó ìrànwọ́ ọrọ̀ ajé tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní 2009, wọ́n mú mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lé dọ́là, wọ́n tú gbogbo ara ilé náà kúrò, ó ku egungun. Wọ́n fi ọ̀pá alumíníọ̀mù gígùn tó dà bí esùsú bo ojú ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ kí oòrùn má baà gbá fèrèsé, wọ́n gbé páànẹ́lì sólà sórí òrùlé, wọ́n sì ṣe àgbá ńlá sísàlẹ̀ tí ń gba omi òjò fún ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tí ó ṣí ní 2013, iná tí wọ́n ṣírò pé yóò máa jó kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òfin wọ̀nyí ni àṣẹ ààrẹ wà, èyí tí kò gba ìbò kankan. Clinton ní tirẹ̀ ní 1994 àti 1999. Bush ní tirẹ̀ ní 2007. Obama ní 2009, ó tún tún un ṣe ní 2015. Trump fagi lé ti Obama ní 2018, ó sì fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2021, Joe Biden kọ èyí tó ga jù: gbogbo iná mànàmáná ìjọba gbọ́dọ̀ wá láti ibi tí kò ní èéfín ní 2030, gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá ń rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní èéfín ní 2035, kí gbogbo ilé ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ èéfín ní 2045. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, ọjọ́ tí Trump padà gorí àlééfà, ó fagi lé e. Àwọn gbèdéke Biden pẹ́ fún ọdún mẹ́ta àti oṣù kan.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ti ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́. Ọkọ̀ funfun tí ń gbé lẹ́tà káàkiri Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Grumman ló ṣe é láàárín 1987 àti 1994, iléeṣẹ́ kan náà tó ṣe ọkọ̀ tó gbé èèyàn balẹ̀ sórí òṣùpá. Kò ní ẹ̀rọ amúlétutù; nínú ooru Arizona, ààrò ni. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún iléeṣẹ́ Oshkosh ní iṣẹ́ ọkọ̀ tuntun ní 2021, ìdá 10 péré ni wọ́n ní yóò jẹ́ oníná. Àwọn oníbẹntiróòlù tó kù kò ní rìn ju máìlì 8.6 lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan tí wọ́n bá tan amúlétutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ dá dúró, àṣẹ ààrẹ kò dè é. Ohun tó yí ọkàn rẹ̀ padà ni nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là tí ilé aṣòfin kó sílẹ̀ fún un nínú òfin 2022. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó ní ó kéré tán 66,000 ọkọ̀ oníná ni òun yóò ní kí 2028 tó dé.

Ibì kan wà tí òfin wọ̀nyí kì í dé. Àwọn ológun ló ń jẹ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo agbára tí ìjọba àpapọ̀ ń lò, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni epo ọkọ̀ òfuurufú, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti ọkọ̀ ogun. Òfin mú bárékè àti ọ́fíìsì wọn. Ohun ìjà ogun bọ́ sílẹ̀. Ìgbà kan wà tí ọmọ ogun ojú omi gbìyànjú fúnra wọn: ní oṣù kìíní 2016, ọkọ̀ USS Stockdale gbéra ní San Diego, ọ̀rá màlúù wà nínú epo tó ń jó, ìdá 10 nínú 100. Ìdá 90 tó kù jẹ́ epo rọ̀bì.

Pẹ̀lú gbogbo àléébù yìí, iná tí àwọn ilé ìjọba àpapọ̀ ń jó lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì láti 1975. Mítà, àyẹ̀wò àti àdéhùn agbaṣẹ́ṣe ló ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ìkéde ààrẹ.

Àwọn ìlú mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Japan ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bọ́ táì àti kóòtù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2005, kí wọ́n fi amúlétutù sí ìwọ̀n 28. Jámánì, nígbà tí gáàsì Rọ́ṣíà dáwọ́ dúró, pàṣẹ pé láti oṣù kẹsàn-án 2022, ooru ọ́fíìsì ìjọba kò gbọdọ̀ ju 19 lọ, kí omi gbígbóná má sì sí nínú báṣíìnì ìfọwọ́. Òfin tuntun ti Àjọṣepọ̀ Yúróòpù ní 2023 béèrè pé kí iná ilé iṣẹ́ ìjọba gbogbo máa fi ìdá 1.9 dín lọ́dọọdún.

Nàìjíríà náà ní òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kọkànlá 2021 ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó o. Ní oṣù karùn-ún 2024, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n máa ra ọkọ̀ tó ń lo gáàsì CNG dípò oníbẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní Àbújá ti kọ́kọ́ gbé orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba 86 àti Aso Rock sínú ìwé ìròyìn, ó ní wọ́n jẹ òun ní bílíọ̀nù 47 náírà. Lẹ́yìn ìṣirò, gbèsè Aso Rock já sí mílíọ̀nù 342, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 924 tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ibi tí oníná àti ẹni tó ń jó o kò ti fẹnu kò lórí iye tí wọ́n jó, ìdá wo ni wọn yóò dín kù? Ní bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025, wọ́n ya bílíọ̀nù 10 sọ́tọ̀ fún sólà ní Aso Rock.

Láti 2023 ni àwọn ìpínlẹ̀ ti lágbára láti ṣòfin lórí iná tiwọn, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó sì ti gba ìṣàkóso rẹ̀ lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná. Kò sí ohun tó ní kí ilé aṣòfin wọn má fi mítà sí sẹkitéríàtì, kí wọ́n sì máa tẹ iye rẹ̀ jáde. Òǹkàwé tó bá fẹ́ mọ iye tí sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ rẹ̀ ná lórí dísẹ́ẹ̀lì lọ́dún tó kọjá lè kọ lẹ́tà lọ béèrè. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti fún un lésì.